Iṣẹ́jú 30 nínú tíátà: bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ Intrabeam ṣe lọ láti 1998

Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1998 ni, ní Middlesex Hospital ní London. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú tíátà, wọ́n ti fún un lóògùn oorun, wọ́n ti yọ kókó kánsà kúrò nínú ọyàn ẹ̀, ihò tí kókó yẹn wà tẹ́lẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ibi tó yẹ kí dókítà ti mú abẹ́rẹ́ kó máa rán ojú ọgbẹ́ pa, wọ́n gbé nǹkan kan wá tó dà bíi bọ́ọ̀lù kékeré lórí igi, wọ́n ti bọ́ọ̀lù yẹn bọnú ihò, wọ́n fi òwú fa ẹran ọyàn mọ́ ọn lára yíká, wọ́n wá tan ẹ̀rọ. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí wọ́n pa á, wọ́n yọ bọ́ọ̀lù, wọ́n rán ọgbẹ́.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀rọ yìí látòkèdélẹ̀, torí bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń gbé e kiri, ọ̀nà méjì làwọn èèyàn pín sí: àwọn kan ní iṣẹ́ ìyanu ni, pé wọ́n ti ń wo kánsà ọyàn sàn ní iṣẹ́jú 30, àwọn kan ní ọgbọ́n àtipawó làwọn òyìnbó ń dá. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Èmi kì í ṣe dókítà o, ẹni tó ní èèyàn tí kánsà bá jà ni mí, mo sì ka ọ̀rọ̀ yìí títí ojú mi fi pọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá yọ kókó nìkan tí wọ́n fi ọyàn sílẹ̀, wọ́n á ní kí obìnrin náà wá gba rédíéṣọ̀n (ìtànṣán alágbára tí wọ́n fi ń pa kánsà) sí gbogbo ọyàn yẹn, kí kánsà má bàa tún hù níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn, ìgbà 25 ni èèyàn máa lọ, Mọ́ńdè sí Fúráídè, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 50 Gray (Gray ni wọ́n fi ń wọn rédíéṣọ̀n bá a ṣe ń fi kóńgò wọn gààrí). Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, orí ẹ̀rọ yẹn gan-an ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìrìn àjò ẹ̀ niṣẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan kó ẹrù láti Ìṣẹ́yìn wá sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ní Mushin torí ọ̀rọ̀ yìí, yàrá kan, àwọn ọmọ mẹ́ta ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń jí láago mẹ́rin ìdájí lọ to síwájú ilé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì di mẹ́jọ torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ti kọṣẹ́ wọ́n á ní kí gbogbo yín máa lọlé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ n'Ìṣẹ́yìn wà ní títì ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, nílẹ̀ òyìnbó pàápàá àwọn obìnrin wà tó jẹ́ pé torí ibi tí ẹ̀rọ wà jìnnà, wọ́n á ní kí dókítà kúkú gé gbogbo ọyàn dànù kí àwọn lè sinmi.

Níbi tí ọgbọ́n Intrabeam ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ó sì dùn mọ́ mi ju ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Jayant Vaidya, ọmọ Íńdíà ni, ó jókòó ti àwọn ọyàn tí wọ́n ti gé kúrò lára àwọn aláìsàn, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń là wọ́n pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ń wá kánsà kéékèèké tí ọwọ́ ò lè bà mọ́. Wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 1996. Nínú ọyàn 100, bíi 63 ló ní kánsà mìíràn tó fara pamọ́ yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fara pamọ́ yìí ò sì sí nítòsí kókó gangan, apá ibòmíì nínú ọyàn ni wọ́n wà. Ó yẹ kẹ́rù báni, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, tí kánsà bá máa padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ojú ibi tí kókó àkọ́kọ́ wà náà ló máa padà sí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, ṣùgbọ́n ó jọ pé nínú ọyàn yìí a mọ̀ ọ́n: àwọn tó fara pamọ́ lọ́nà jíjìn, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ṣe nǹkan kan láéláé, èyí tó wà létí ihò ló ń yọni lẹ́nu. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń fi rédíéṣọ̀n wẹ gbogbo ọyàn fún, pẹ̀lú awọ, egungun ìhà, ẹ̀dọ̀fóró, àti ọkàn pàápàá tó bá jẹ́ ọyàn òsì?

Vaidya, Michael Baum tóun náà jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, àti Jeffrey Tobias tó jẹ́ dókítà rédíéṣọ̀n, àwọn mẹ́ta yìí ní University College London ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé tíátà. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò, orí ọpọlọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Photoelectron Corporation ní Massachusetts ló ṣe é fún kókó inú ọpọlọ, Carl Zeiss ti Jámánì (àwọn tó ń ṣe gíláàsì kámẹ́rà náà ni) ló wá gbà á tó ń tà á ní Intrabeam. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Inú ẹ̀ ló ti ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (ègé tín-ín-tín tó ń gbé iná mànàmáná) gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, páìpù yẹn gùn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ní orí páìpù wọ́n fi góòlù sí i, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá kọlu góòlù yẹn ẹ́ksìréè á tàn jáde yíká bíi gílóòbù. Bọ́ọ̀lù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibi tí wọ́n ń ki orí páìpù bọ̀ nìyẹn, oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà, láti sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ dé márùn-ún, kí dókítà lè mú èyí tó bá ihò mu.

Agbára ẹ́ksìréè yìí kéré, 50 kílófóòtì péré, kékeré yìí gan-an ló sì wúlò. Ẹran tó fara kan bọ́ọ̀lù á gba 20 Gray, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré sún sẹ́yìn ó ti wálẹ̀ sí bíi 5 sí 7. Iná ẹ̀ kì í rìn jìnnà. Torí náà ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ò ní jẹ nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tíátà lásán náà sì tó o, kò nílò yàrá oníkọnkéré tí ògiri ẹ̀ nípọn bíi ti báńkì tí ẹ̀rọ rédíéṣọ̀n ńlá ń gbé inú ẹ̀. Wọ́n lè gbé e láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíì.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń pariwo iṣẹ́ ìyanu kì í sọ. Obìnrin ti 1998 yẹn ṣì lọ gba rédíéṣọ̀n ọlọ́jọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Àfikún ni wọ́n fi ti inú tíátà ṣe fáwọn àkọ́kọ́, torí ta ló máa fi ẹ̀mí ọlọ́mọ dán èyí tí kò tíì rí ìdí ẹ̀ wò? Ó di oṣù kẹta ọdún 2000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò gidi, TARGIT-A ni wọ́n pè é. Àwọn obìnrin tó ti lé ní ọdún 45, tí kókó wọn ò tóbi, tó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún wọn, kọ̀ǹpútà ló ń yàn: ìwọ gba ti inú tíátà, ìwọ lọ gba ti ọlọ́jọ́ púpọ̀. Wọ́n sì ní àbò kan lẹ́yìn: tí èsì láàbù bá jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó fi hàn pé kánsà yẹn burú ju bí wọ́n ṣe rò, ẹni tó gba ti inú tíátà náà á lọ gba ti ọlọ́jọ́ púpọ̀ kún un. Bíi ẹnì kan nínú márùn-ún ló bọ́ sí ìyẹn nínú àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe yọ kókó tán. Ilé ìwòsàn 33 ní orílẹ̀-èdè 11 ló dara pọ̀, Jámánì, Ítálì, Ọsirélíà, Amẹ́ríkà, gbogbo wọn, nígbà tí wọ́n fi máa ti ìlẹ̀kùn ní 2012 obìnrin 3,451 ti wọlé.

Èsì tó fa ìjà jáde ní ìparí 2013. Láàárín ọdún márùn-ún, kánsà padà sí ọyàn ní bíi 3.3 nínú 100 àwọn tó gba ti inú tíátà, ti ọlọ́jọ́ púpọ̀ jẹ́ 1.3. Wọ́n ti fi àmì sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pé tí ìyàtọ̀ ò bá ti ju 2.5 nínú 100 lọ, ẹ̀rọ yege. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ní ó yege. Àwọn dókítà rédíéṣọ̀n ní kí lẹ ń pè ní yege, ìdajì àwọn èèyàn yín ẹ ò tíì tọpa wọn ju ọdún méjì àti oṣù márùn-ún lọ, kánsà ọyàn tó lè sùn ọdún mẹ́wàá kó tó jí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ. Lẹ́tà lórí lẹ́tà nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ sí i ni pé àsìkò yẹn náà ni èsì ẹ̀rọ míì jáde láti Milan, níbi tí Umberto Veronesi àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tiwọn nínú tíátà, 21 Gray lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, obìnrin 1,305. Tiwọn jẹ́ 4.4 nínú 100, ti ọlọ́jọ́ púpọ̀ jẹ́ 0.4. Ẹ̀rọ yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń yan aláìsàn yàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wò láti òkèèrè, "rédíéṣọ̀n inú tíátà" ni méjèèjì ń jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan sì di ẹ̀ṣẹ̀ èkejì.

Lójú tèmi o, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pariwo kọjá ọ̀rọ̀ ara wọn ni 3.3 yẹn. Oríṣi èèyàn méjì ni wọ́n pò mọ́ra nínú ẹ̀. Àwọn kan gba bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe yọ kókó tán báyìí. Àwọn kan, wọ́n ti rán ọgbẹ́ wọn, wọ́n ti lọlé, èsì láàbù jáde, wọ́n wá pè wọ́n padà, wọ́n tún ọgbẹ́ ṣí kí wọ́n tó ki bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́. Fún àwọn ti ẹsẹ̀kẹsẹ̀, 2.1 ni. Fún àwọn tí wọ́n pè padà, 5.4. Ẹni tó bá ti ran aṣọ rí á yé e: ihò tó ti jiná díẹ̀, tí ẹran ẹ̀ ti sún kúrò láyè ẹ̀, tẹ́ ẹ bá padà lọ síbẹ̀ ojú ibi tẹ́ ẹ ń wá lè má sí lábẹ́ ọwọ́ yín mọ́. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń ṣe é, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá ti ya ẹgbẹ́ kejì yìí sọ́tọ̀, kí n sọ gbangba pé èyí ò dáa, ká sọ̀rọ̀ nípa ti àkọ́kọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àjọ kan, NICE, òun ló ń sọ oògùn àti ẹ̀rọ tí owó NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, lè ra. Ní 2014 wọ́n kọ ìwé àkọ́kọ́ jáde tó fẹ́ gba Intrabeam láàyè. Ariwo sọ. Wọ́n padà sínú yàrá, wọ́n tún jáde, wọ́n tún padà, ó di oṣù kìíní 2018 kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán: a ò ní kí wọ́n máa lò ó káàkiri, àwọn ilé ìwòsàn tó ti ní in tẹ́lẹ̀ lè lò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún aláìsàn, kí wọ́n sì máa kọ èsì sílẹ̀. Ìyẹn ni pé a ò lé ẹ, a ò sì ní kó o jókòó.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìdájọ́ yẹn kì í ṣe pé wọ́n ṣọ́ra. Òṣùwọ̀n wọn ni. Bí NICE ṣe máa ń ṣírò, owó tó jáde lápò NHS àti ìlera tó ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ń wò, owó mọ́tò tí aláìsàn san, ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù, ẹni tó bá a jókòó ti ọmọ, kì í wọnú ìṣirò gangan. Bẹ́ẹ̀ torí ìrìn yẹn ni wọ́n ṣe ronú ẹ̀rọ yìí! Ẹ gbé e wá síbi ìdájọ́ tó jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo tó fi dáa ju èkejì lọ kò sí lórí òṣùwọ̀n, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní Ọsirélíà wọ́n fojú tó yàtọ̀ wò ó. Ní Perth tí wọ́n ti ṣe ìdánwò yìí, apá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ fẹ̀ débi pé obìnrin lè wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé ibi tí ẹ̀rọ rédíéṣọ̀n wà, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún dókítà níbẹ̀ pé ọ̀nà jìn.

Oṣù kẹjọ 2020 ni BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà míì, tẹ èsì tó pẹ́ jáde, ti àwọn tó gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nìkan. Nínú obìnrin 1,140 tó gba ti inú tíátà, kánsà padà sí ọyàn àwọn 24 láàárín ọdún márùn-ún. Nínú 1,158 ti ọlọ́jọ́ púpọ̀, 11. Nígbà tí wọ́n tọpa wọn jìnnà sí i, àwọn tí kánsà ọyàn pa jẹ́ 65 lọ́dọ̀ọ àwọn ti tíátà, 57 lọ́dọ̀ọ àwọn yòókù, kò sí ìyàtọ̀ tí èèyàn lè gbára lé níbẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu ni ikú tí kì í ṣe ti kánsà ọyàn, bíi ti ọkàn àti kánsà ibòmíì: 45 sí 74. Vaidya àtàwọn tiẹ̀ ní torí rédíéṣọ̀n ò bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni. Àwọn tó ń bá wọn jà ní orí ire lásán ni, pé wọn ò ṣètò ìdánwò yẹn láti wo ìyẹn. Èmi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n 45 sí 74 kì í ṣe ohun tí mo máa fojú fò.

Tẹ́ ẹ bá wá rò pé èsì yẹn ló máa dá Intrabeam láre, ọdún kan náà ni nǹkan tó lé e kúrò lọ́nà jáde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà, lórí ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ yẹn, ti ń bi ara wọn léèrè láti ọjọ́ pípẹ́ pé ta ló ní dandan ni kó jẹ́ ìgbà 25. Wọ́n kọ́kọ́ gé e sí 15, 40 Gray láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣiṣẹ́. Ní 2020 wọ́n gbé èsì FAST-Forward jáde, obìnrin 4,096, ìgbà márùn-ún péré, 26 Gray láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kánsà ò padà ju ti ọlọ́jọ́ 15 lọ. Àsìkò kòrónà ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aláìsàn máa wọlé jáde ilé ìwòsàn, kíá ni wọ́n gbà á. Wọn ò ra ẹ̀rọ tuntun kankan, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ni, ìṣirò ni wọ́n yí padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ọjọ́ 25, ọjọ́ 5 ló wá ń bá jà báyìí, ìyẹn ò sì rọrùn fún un.

Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lò ó láwọn ibì kan, obìnrin tó bá sì bá àwọn ìlànà yẹn mu, tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé nínú 100 ẹnì kan lè wà sí i tó máa padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ, tó ní òun gbà, òun fẹ́ kó parí lónìí, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé kí Nàìjíríà ra á. NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà ní oṣù kejì 2019, mílíọ̀nù 11 dọ́là ni wọ́n ná síbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tó wà níbẹ̀ lè ṣe ọjọ́ 15, ó lè ṣe ọjọ́ 5 fún ẹni tó bá yẹ. Tí owó bá tún wà, irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ ni màá ní kí wọ́n fi rà sí i, kí wọ́n sì gbé e kúrò l'Ékòó. Torí Intrabeam, ẹni tó tètè wá ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ti lé ní 45, tí kókó ẹ̀ ṣì kéré, tí dókítà lè yọ kókó kó fi ọyàn sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì pé 50 tó fi ń mú wọn, ìpele kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n sì ń dé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi àgbo, àdúrà àti "kò dùn mí náà" lo ọdún kan.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti Ìṣẹ́yìn yẹn, mo bi í nígbà kan pé ṣé ká ní ẹ̀rọ oníṣẹ́jú 30 wà l'Ékòó, ṣé á gbà á. Ó ní kí n fi fọ́tò ẹ̀ han òun, mo fi hàn án lórí fóònù, àpótí tí wọ́n to àwọn bọ́ọ̀lù yẹn sí láti kékeré dé ńlá. Ó wò ó, ó ní èyí tó tóbi jù yìí báwo ló ṣe tó? Mo ní 5 sẹ̀ǹtímítà, mo fi ìka mi wọ̀n ọ́n fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "ọmọ mi, tèmi ju ìyẹn lọ kí n tó kúrò nílé."